Oògùn Làkúrègbé Tí Wúlẹ̀mọ̀tù Kọ̀

Ìyá tó bí bàbá mi ni Wúlẹ̀mọ̀tù. Nọ́fíù ni orúkọ bàbá mi, nítorí náà Ìyá Nọ́fíù ni àwọn ará Ifọ̀ ń pè é. Èmi ń pè é ní Ìyá Àgbà. Mo ń kọ ìtàn yìí sílẹ̀ nítorí pé àwọn tó ń sọ ọ́ nígboro ti ń sọ ọ́ kọjá bó ṣe rí. Àwọn kan ní ó gbá Bádéjọ, ẹni tó fún un ní oògùn, létí. Kò gbá a létí. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló bá a sọ.

Obì ṣíṣà ni iṣẹ́ Ìyá Àgbà. Ilé obì Àlájì Mùíbì wà nítòsí ojú irin. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó gbànjà wá láti Mówè, Ìbàfọ̀ àti Ìbògún, kí wọ́n tó fi rélùwéè kó o lọ sí Kánò. Obìnrin mẹ́jọ ló ń jókòó yí òkìtì obì ká. Wọn a bó o, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a ṣà á, wọn a sì tò ó sínú agbọ̀n tí wọ́n ti tẹ́ ewé gbòdògì sí. Ìyá Àgbà ni olórí wọn. Kì í ṣe nítorí ọjọ́ orí, nítorí ojú rẹ̀ ni. Bí obì bá fẹ́ bàjẹ́, àwọ̀ rẹ̀ a kọ́kọ́ yí padà díẹ̀, tí ẹlòmíràn kò ní rí i. Ìyá Àgbà a rí i. A mú un, a sì jù ú sẹ́yìn láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní ọ̀nà kan tó ń gbà ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí agbọ̀n kan bá bàjẹ́ tí wọn kò mọ ohun tó bà á jẹ́, àwọn yòókù a máa bú kòkòrò. Òun kì í bú nǹkan kan. Ohun kan ṣoṣo ni yóò yọ kúrò, yóò fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, yóò sì dúró. Ó lè pààrọ̀ ewé lónìí kó má fọwọ́ kan agbọ̀n. Bí obì bá tún bàjẹ́, a jẹ́ pé ewé kọ́ nìyẹn, ó di kó pààrọ̀ agbọ̀n. Ó máa ń sọ fún àwọn obìnrin yẹn pé, "Bí ẹ bá yí gbogbo rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ èyí tó ṣe é?"

Ọgbọ̀n ọdún ló fi jókòó lórí àpótí kékeré nínú ilé obì yẹn, pẹ̀lú omi lẹ́sẹ̀. Ìyẹn ló sọ orúnkún rẹ̀ méjèèjì di ilé làkúrègbé. Nígbà tí ọyẹ́ parí ní ọdún 1957, orúnkún náà wú débi pé Ròkíátù, orogún rẹ̀, ló ń fà á dìde láti kírun.

Ròkíátù sọ fún un ní àárọ̀ ọjọ́ kan pé, "Ìyálé mi, ẹ lọ rí Dókítà. Apá mi ti fẹ́ já."

Bádéjọ ni wọ́n ń pè ní Dókítà. Kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ ìtọ́jú ọgbẹ́ ló ṣe nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun nígbà ogun Hítílà, ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń po oògùn. Nígbà tó dé, ó gba yàrá méjì létí ọ̀nà, ó to ìgò sí pẹpẹ, ó gbé bẹ́ǹṣì gígùn kan síta fún àwọn aláìsàn. Onímọ́tótó ènìyàn ni, kò sì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ó fún Ìyá Àgbà ní hóró oògùn funfun kéékèèké, ó ní kó máa lo ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ.

Oògùn náà jẹ́. N kò ní pa irọ́ mọ́ ọn. Kò tó ọjọ́ márùn-ún tí Ìyá Àgbà fi ń kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀ tó sì ń dìde fúnra rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá kọjá níwájú ilé obì ló ń sọ fún pé Dókítà mọṣẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó rò pé omi obì ni. Lẹ́yìn náà gbogbo ara ń yún un, kò sì rí ohunkóhun lára rẹ̀ tí ì bá fa yíyún náà. Ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Ìgbẹ́ rẹ̀ funfun bí ẹfun. Ojú ń tì mí láti kọ èyí, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ní kí n má yọ ọ́ kúrò, nítorí pé ibẹ̀ ni àìsàn náà ti kọ́kọ́ fi ara hàn. Ní ọjọ́ kan tó ń ṣe àlùwàlá, Ròkíátù gbé ojú sókè, ó sì ju kẹ́tùlù sílẹ̀.

"Ìyálé! Ojú yín pọ́n bí ìyeyè!"

Gbogbo ilé ní ibà pọ́njú ni. Wọ́n gba epo pupa lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n se àgbo ewé ìbẹ́pẹ, wọ́n ní kó máa mu ún tààrọ̀ talẹ́. Àwọn kan ń wo Ròkíátù lójú tí kò dáa, bí ẹni pé orogún ló fi nǹkan sí oúnjẹ ìyálé rẹ̀. Ìyá Àgbà gbọ́, ó sì pariwo sí wọn.

"Ròkíátù? Bí mo bá kú, ta ni yóò máa bá a jà? Ẹ fi í sílẹ̀ jàre."

Ó lọ bá Bádéjọ. Bádéjọ wo ojú rẹ̀, òun náà ní ibà pọ́njú ni. Ó ní kó má dá oògùn orúnkún dúró, kó máa lò ó lọ.

Ohun tó dun Ìyá Àgbà jù ni ọ̀rọ̀ ilé obì. Àlájì Mùíbì ránṣẹ́ pè é. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni Àlájì, kò wo ojú rẹ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀.

"Ìyá Nọ́fíù, ẹ má bínú. Àwọn oníbàárà wa ní Kánò ti gbọ́. Wọ́n ní olójú pípọ́n ló ń to obì tí àwọn ń jẹ. Ẹ lọ sinmi. Ọjọ́ tí Dókítà bá fún yín ní ìwé pé ojú yín kò lè ran ẹnikẹ́ni, àyè yín ṣì wà."

Wọ́n fi Tòún, ọ̀rẹ́ rẹ̀, sórí àpótí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Tòún sunkún kó tó jókòó síbẹ̀. Ìyá Àgbà ní, "Jókòó, má fi omijé rẹ rẹ obì."

Báyìí ni oṣù ààwẹ̀ ṣe dé. Ní oṣù Éépìrì ni, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ààfáà wá sílé, ó ní Ọlọ́run yọ̀ǹda fún aláìsàn láti má gba ààwẹ̀, kó san án padà nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Bàbá mi náà bẹ̀ ẹ́. Kò gbà.

"Wọ́n ti gba àpótí mi. Wọ́n ti gba epo lẹ́nu mi. Wọn kò ní gba ààwẹ̀ mi."

Ó gbà á. Kò sì lè lo oògùn Bádéjọ, torí pé àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ ni Bádéjọ pàṣẹ, lẹ́yìn oúnjẹ. Ó rò ó pé bí òun bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ mì nígbà ìṣínu, òun ti ré òfin oògùn kọjá. Ó pinnu láti fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ààwẹ̀ bá parí. Ojú ń tì í láti sọ fún Bádéjọ. Bó bá ti gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, yóò dà á sínú agolo àtíkè kan tó ti ṣófo, yóò sì dé e. Gbogbo nǹkan yòókù ló ń ṣe bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Kò jẹ epo. Ó ń mu àgbo rẹ̀ nígbà sààrì àti nígbà ìṣínu. Ẹja kan náà, omi kànga kan náà.

Orúnkún rẹ̀ tún wú. Ṣùgbọ́n kó tó di ìdajì oṣù, yíyún ara dẹwọ́. Ó ń sun oorun. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ààwẹ̀ parí, Ròkíátù fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀ níwájú fèrèsé. Ojú náà ti funfun.

Nígbà Ìtúnu, Ìyá Àgbà gbé abọ́ oúnjẹ lọ fún Bádéjọ. Ìgbà tí Bádéjọ rí ojú rẹ̀, inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi fà á lọ́wọ́ jáde sọ́dọ̀ àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ wá wò ó o! Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé oògùn òyìnbó kò mọ ibà pọ́njú! Ẹ wo ojú Ìyá Nọ́fíù! Oògùn mi ló jẹ́ kó mọ́!"

Ìyá Àgbà la ẹnu, ó sì pa á dé. Ó sọ fún mi pé nínú gbogbo ìtàn yìí, ẹnu tí òun pa dé lọ́jọ́ náà ni òun kò fẹ́ràn. Bádéjọ kọ ìwé fún un, ó sì tún fún un ní hóró funfun kan náà fún orúnkún. Ìyá Àgbà padà sórí àpótí rẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó bí wọ́n ṣe ní kó lò ó.

Ọjọ́ méjìlá péré ló pé. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú ti pọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, èébì sì ń gbé e. Àlájì tún ránṣẹ́ pè é. Ìwé mìíràn ló tún ń bèèrè.

Lọ́tẹ̀ yìí, Ìyá Àgbà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a rò ó. Ó jókòó lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń dá sọ̀rọ̀, ó sì ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀. Epo pupa: kò jẹ ẹ́ láti ìgbà náà, ojú pọ́n, ojú mọ́, ojú tún pọ́n. A jẹ́ pé epo kọ́. Àgbo: kò fi í sílẹ̀ rí. Àgbo kọ́. Ẹja, omi, oúnjẹ Ròkíátù: kò yí padà. Ohun kan ṣoṣo ló lọ, tó sì padà wá.

Ó ní, "Ròkíátù, bá mi gbé agolo àtíkè yẹn."

Ọjọ́ Àtàláátà ni. Ó fi ọ̀pá rìn lọ sọ́dọ̀ Bádéjọ. Bẹ́ǹṣì kún. Èmi àti Ròkíátù tẹ̀lé e, a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Bádéjọ kò jẹ́ kó jókòó tán. "Ìyá Nọ́fíù! Ojú tún ti pọ́n? Ẹ ò lo oògùn yín déédéé nìyẹn."

"Mo lò ó déédéé, Dókítà. Òun ló mú kó pọ́n."

"Oògùn orúnkún ló wá mú ojú pọ́n? Ṣé orúnkún lẹ fi ń ríran ni?"

Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà dúró títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tán.

"Nígbà tí ojú mi mọ́ lẹ́yìn ààwẹ̀, kí lẹ sọ fún àwọn ènìyàn?"

"Mo ní oògùn mi ló jẹ́ kó mọ́. Ẹnikẹ́ni kò lè jà mí níyàn."

Ìyá Àgbà ṣí agolo, ó dà á sórí tábìlì. Hóró funfun ń yí kiri títí kan ìwé àti kálàmù Bádéjọ.

"Oògùn yín ti oṣù ààwẹ̀ nìyí. Ẹ kà á. N kò fi ọ̀kan kan ẹnu."

Bàbá Yésúfù, arúgbó kan tó wá gba oògùn ikọ́, fi ọwọ́ lu itan rẹ̀. "Háà, Dókítà! Oògùn inú agolo ló wo ìyá yìí sàn!"

Ẹ̀rín tún bú jáde, kì í sì í ṣe Ìyá Àgbà ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín mọ́. Ojú Bádéjọ le.

"Ẹ tàn mí jẹ."

"Mo tàn yín jẹ, ẹ dárí jì mí. Kò yẹ kí n pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ tèmi kò sọ oògùn yín di ohun tó bá mi lára mu."

"Ó lé ní ogójì ènìyàn tí mo ti fún ní oògùn yìí. Ojú ta ló pọ́n?"

"Ojú tèmi."

"Ẹnì kan ṣoṣo nínú ogójì!"

"Ẹnì kan náà ni mo jẹ́, Dókítà. N kò ní òmíràn nílé."

Bádéjọ fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó mú ìwé jáde. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ní tòótọ́.

"Ìyá, ẹ gbọ́. Èmi náà mọ̀ pé ẹ fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Màá kọ ọ́ fún Àlájì báyìí pé ojú yín kò lè ran ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbé hóró kan mì lójú mi níbí, kí ẹ sì ṣèlérí pé ẹ ó lò ó tán. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí ìwé, ẹ má sì padà wá síbí mọ́."

Ìyá Àgbà wo ìwé náà. Èmi tí mo wà lẹ́nu ọ̀nà mọ ohun tó ń wò. Ọgbọ̀n ọdún ló wà lórí ìwé yẹn, àti àpótí rẹ̀, àti àwọn obìnrin tó ń bá ṣàwàdà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

"Ẹ kó ìwé yín pamọ́," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí a ṣe ń ṣe obì. Ní gbogbo Àtàláátà, màá wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì yìí. N kò ní lo oògùn yín. N kò sì ní yí ohun mìíràn padà. Ẹ máa fi ojú yín wo ojú mi. Bí ó bá mọ́, ẹ ó kọ ọ́ sínú ìwé pé oògùn yín ló mú kó pọ́n. Bí kò bá mọ́, ẹ máa fi mí ṣe ẹlẹ́yà títí wọ́n á fi sin mí."

"Ẹ máa lọ o, Ìyá."

"Mo ń lọ. Ó di Àtàláátà."

Ó kó hóró oògùn rẹ̀ padà sínú agolo, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa obì. Kò kánjú.

Ilé kò rọrùn fún un lẹ́yìn ìyẹn. Bàbá mi ní kó lọ bẹ Dókítà, kí ìdílé má baà pàdánù ẹni tó ń tọ́jú wọn. Ìyá Àgbà ní, "Mo ti bẹ̀ ẹ́ nítorí irọ́ tí mo pa. Òtítọ́ tí mo sọ ńkọ́, kí ni mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún níbẹ̀?" Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń fẹ́rẹ̀ẹ́ rákò lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Oògùn tó lè tú u sílẹ̀ wà nínú agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Kò ṣí i.

Àtàláátà kìn-ín-ní, Bádéjọ ṣe bí ẹni pé kò rí i. Ìyá Àgbà jókòó títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn. Àtàláátà kejì náà bẹ́ẹ̀, àfi pé Bádéjọ yọjú wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀kẹta, ó pè é wọlé láìkí i, ó mú un lọ síbi fèrèsé, ó fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀.

"Yíyún ara ńkọ́?"

"Ó ń lọ."

"Ìgbẹ́ ńkọ́?"

"Ó funfun bí ẹfun tẹ́lẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ti ń padà."

"Epo ńkọ́? Àgbo?"

"N kò yí ọ̀kan padà. Mo ti sọ fún yín."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ẹ̀kẹrin, òun ló jáde wá pè é, ó sì ti gbé àga sílẹ̀ fún un. Ní ẹ̀kẹfà, kò sí ẹni tó lè rí àmì kankan lójú Ìyá Àgbà. Bádéjọ wò ó pẹ́. Kò sọ ju pé, "Ẹ ṣeun, Ìyá."

Ọjọ́ kẹta sí ìgbà náà ni Tòún sáré wá sílé wa. "Ìyá Nọ́fíù, ẹ dìde! Dókítà wà ní ilé obì! Ó ní òun kò ní sọ ohun tó gbé òun wá àfi kí ẹ dé!"

Nígbà tí a dé ibẹ̀, Bádéjọ dúró láàárín òkìtì obì pẹ̀lú ẹ̀wù funfun rẹ̀, lẹ́tà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti kọ̀wé sí dókítà tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun, èsì sì ti dé láti Èkó. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún Àlájì àti àwọn obìnrin náà. Ó ní, "Ẹ̀yin náà mọ òróòro tó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀ àgbò nígbà Iléyá. Ènìyàn náà ní tirẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe omi òróòro, ọ̀nà tóóró kan ló sì ń gbà wọ inú ìfun. Ọ̀gá mi ní àwọn oògùn kan wà tó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ tàbí kó dí ọ̀nà yẹn, tí omi náà á fi padà sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń mú ojú pọ́n, òun ló ń mú ara yún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń lo oògùn náà tí nǹkan kan kì í ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe, kó dá a dúró kíákíá, kó sì padà sọ́dọ̀ ẹni tó fún un. Kò gbọ́dọ̀ lò ó mọ́ láéláé. Ó ní bí Ìyá Nọ́fíù bá gbé èyí tó kù mì ni, bóyá òkú rẹ̀ la ò bá máa sọ."

Ó na ìwé kan sí Àlájì. "Àìsàn rẹ̀ kò lè ràn. Kò fìgbà kan lè ràn."

Àlájì fẹ́ gbà á. Ìyá Àgbà gbé ọ̀pá rẹ̀ dí i.

"Kí lẹ kọ síbẹ̀?"

"Mo kọ ọ́ pé ara yín ti yá, Ìyá."

"Ohun tí a jọ sọ kọ́ nìyẹn. Ta ló mú ojú mi pọ́n?"

Bádéjọ wo ilẹ̀. Àwọn obìnrin dáwọ́ obì dúró. Mo rò pé yóò bínú. Ó fa kálàmù yọ nínú àpò, ó gbé ìwé náà lé ìdérí agbọ̀n, ó kọ ìlà méjì sí i.

"Ẹ kà á sókè," ni Ìyá Àgbà wí.

Ó kà á: "Oògùn làkúrègbé tí èmi, Bádéjọ, fún Wúlẹ̀mọ̀tù ló ṣe ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ní jàǹbá. Òun ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, n kò gbà á gbọ́."

Tòún dìde lórí àpótí, ó sì fi gèlè rẹ̀ nù ún mọ́.

Nígbà tí Bádéjọ ń lọ, ó yíjú padà. "Ìyá, agolo yẹn. Ẹ jẹ́ kí n gba oògùn inú rẹ̀ padà. Ó ṣì dáa fún ẹlòmíràn."

"Ẹlòmíràn wo? Ẹ ti mọ ẹ̀dọ̀ tó máa kọ̀ ọ́ kí ẹ tó fún un?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Ìyá."

"Ẹ fi í sọ́dọ̀ mi nígbà náà. Ọjọ́ tí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ wá gbà á."

Ó ti pé ọdún méjì báyìí. Bádéjọ ti ń wo ojú ènìyàn níbi fèrèsé kó tó fún un ní oògùn, ó sì ń pè é padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì láti tún un wò. Kò tíì wá gba agolo náà. Ó wà lórí àpótí aṣọ Ìyá Àgbà, òun fúnra rẹ̀ sì wà ní ilé obì, ó ń fi orúnkún tó wú jókòó, ó ń ju obì tó bàjẹ́ sẹ́yìn.